Bí wọ́n bá fi ìfun tún àpò ìtọ̀ ọmọ ṣe, ìtọ́jú kò tíì parí

Ẹ̀yin òbí ní Gouka àti gbogbo agbègbè Bantè, a fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ kan tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí ìdílé tó bá kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa.

Wọ́n máa ń bí àwọn ọmọ kan tí àpò ìtọ̀ wọn ṣí síta nísàlẹ̀ ìdodo. Ti àwọn mìíràn, eegun ẹ̀yìn wọn ni kò padé, èyí tí dókítà ń pè ní spina bifida. Àpò ìtọ̀ wọn lè le, kí ìtọ̀ máa padà sókè, kó sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Bí oògùn kò bá ràn án, dókítà lè gé díẹ̀ lára ìfun ọmọ náà, kó fi mú àpò ìtọ̀ fẹ̀. Iṣẹ́ abẹ yìí ń dáàbò bo kíndìnrín.

Ṣùgbọ́n ìfun kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára láti fa nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà á máa fa lára ìdọ̀tí inú ìtọ̀ padà. Ẹ̀jẹ̀ lè di kíkan, eegun lè rọ, ọmọ lè má ga tó bó ṣe yẹ. Ìfun tún ń yọ omi tó ń fà bí ilá, òkúta sì lè dì nínú àpò náà. Fítámì B12 lè dínkù lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Jẹjẹrẹ náà lè yọjú lẹ́yìn ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀.

Èyí tó léwu jù ni pé àpò náà lè bẹ́, pàápàá bó bá kún jù. Bí inú bá ń run ọmọ náà, tí ikùn rẹ̀ wú, tó ń bì tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọmọ spina bifida lè má tilẹ̀ mọ ìrora náà lára. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìfun ni wọ́n fi tún àpò ìtọ̀ rẹ̀ ṣe.

Nílé, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní sọ́ńdù ni wọ́n sábà máa ń fi tọ̀ ní wákàtí 3 sí 4. Láti 1972 ni dókítà Jack Lapides ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ọwọ́ tí a fọ̀ mọ́ àti rọ́bà tó mọ́ tó fún un. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ inú àpò náà bí dókítà bá ṣe júwe.

Ẹ má sọ pé ara ọmọ ti yá, kí ẹ dẹ́kun lílọ. Ọdọọdún ni kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò, títí tó fi dàgbà.