Kókó Lára Ajá, àti Bí A Ti Í Mú Un Kúrò

Ajá jẹ́ ẹran tí ó wúlò púpọ̀ fún àgbẹ̀. Ó ń ṣọ́ ilé ní òru, ó ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko àgbàdo, ó sì ń bá ọdẹ rìn nínú igbó. Nítorí náà, nígbà tí kókó bá yọ sí ara rẹ̀, kò yẹ kí onílé fi ojú kéré e; bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ó sáré mú ọ̀bẹ. Kí ó kọ́kọ́ mọ irú kókó tí ó jẹ́, nítorí pé oríṣiríṣi ni wọ́n.

Kókó mìíràn jẹ́ iṣẹ́ ìdin. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ń yé ẹyin sínú iyanrìn níbi tí ajá ń sùn. Ìdin rẹ̀ a wọ inú awọ lọ, ibẹ̀ a sì wú, pẹ̀lú ihò kékeré kan ní orí rẹ̀. Bí a bá fi fasilíìnì dí ihò náà, ìdin yóò yọ wá láti mí, a ó sì rọra fà á jáde láì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Mìíràn jẹ́ eéwo: a gbóná, a máa dun ajá, ọyún a sì wà nínú rẹ̀. Mìíràn jẹ́ ọ̀rá lásán: a rọ̀, a máa yí kiri lábẹ́ awọ, kì í sì í sábà ṣe ibi.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ wà pẹ̀lú. Nínú àwọn kókó tí ń yọ ní ọmú abo ajá, bí ìdajì ni ó jẹ́ jẹjẹrẹ. Abo tí oníṣègùn yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ kì í sábà ní i. Òmíràn a máa yọ ní ojú ara akọ tàbí abo, a máa ṣẹ̀jẹ̀, nípa gígùn ni ajá kan sì fi ń kó o ran èkejì. Irú èyí kì í sábà fẹ́ abẹ. Abẹ́rẹ́ oògùn tí a ń pè ní vincristine, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ni ó ń wò ó sàn.

Ọwọ́ nìkan kò lè ya rere sọ́tọ̀ kúrò lára búburú. Nítorí náà, bí kókó bá ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, tí ó sì pé oṣù kan, tàbí tí ó ń yára dàgbà, kí a mú ajá náà lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹran, irú èyí tí ó wà ní ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn. Yóò fi abẹ́rẹ́ tínrín fa díẹ̀ jáde nínú kókó, yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá fura sí jẹjẹrẹ, yóò ya àwòrán inú àyà, nítorí pé a máa ràn dé ẹ̀dọ̀fóró.

Bí iṣẹ́ abẹ bá yẹ, oníṣègùn yóò fún ajá ní oògùn oorun kí ó má baà mọ ìrora. Yóò gé kókó náà pẹ̀lú díẹ̀ nínú ẹran ara rere tí ó yí i ká, nítorí pé gbòǹgbò jẹjẹrẹ kì í hàn sí ojú. Àgbẹ̀ mọ̀ pé koríko tí a bẹ́ ní orí láì hú gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún hù. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, a ó yọ okùn tí a fi rán ọgbẹ́. Kí a má ṣe jẹ́ kí ajá lá a, kí a má sì ṣe fún un ní oògùn ìrora ti ènìyàn, nítorí pé májèlé ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fún un.

Ẹni tí ó bá fi irin gbígbóná jó kókó, tàbí tí ó fi okùn dè é ní ìdí, ń dá ẹran lóró lásán, àkókò ìwòsàn a sì kọjá lọ. Ìwé Òwe ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Kí onílé máa fi ọwọ́ wá ara ajá rẹ̀ wò láti orí dé ìrù ní oṣooṣù. Kókó tí a tètè rí ni ó rọrùn láti yọ.