Kí Là Ń Fọwọ́ Sí Nílé Ìwòsàn?

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ohun méjì. Bí bàbá bá gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹni tó mú wálé, a ó ní ó fọwọ́ sí i. Bí ẹnìkan bá kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, a ó tún ní ó fọwọ́ sí i. Nílé ìwòsàn, ohun méjèèjì lè jìnnà síra: èèyàn lè fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ láìmọ ohun tó gbà.

Òfin kò kà wọ́n sí ọ̀kan. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 23, ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti owó wọn, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó fi kún un pé, bó bá ti ṣeé ṣe, kí àlàyé náà jẹ́ ní èdè tó yé aláìsàn, kí wọ́n sì wo bó ṣe mọ̀wé tó. Níbí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀ka wa.

Àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe lè kọ ìtọ́jú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí èyí múlẹ̀ ní 2001, lórí aláìsàn kan tí kò gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀sìn.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Òbí ló sábà máa ń fọwọ́ sí ìwé fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òbí kọ́ ni abẹ gé. Ní 1997, ìyá kan l'Ékòó kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ ìkókó rẹ̀ lára nítorí ẹ̀sìn. Ilé ẹjọ́ májísíréètì pàṣẹ kí wọ́n tọ́jú ọmọ náà, ara rẹ̀ sì yá. Ìyá pe ẹjọ́ títí dé òkè. Ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi: èèyàn lè kọ̀ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ire ọmọ ló ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà nílé ìwòsàn. “Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, Mà” kì í ṣe àlàyé. Ẹ sọ ibi tí wọ́n fẹ́ là, ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ sọ bó ṣe yé yín fún mi.” Bí wọ́n bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ wá fún wọn ní bírò.