Ṣé o mọ̀? Káàdì gíráfíìkì àti gíráfíìkì inú láptọ́ọ̀pù

Káàdì gíráfíìkì kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní mẹ́mórì tirẹ̀. Ti inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kò ní: ara CPU ni wọ́n kọ́ ọ mọ́, inú RAM tí gbogbo iṣẹ́ yòókù ń lò ló sì ti ń bù lò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. RTX 3060 tí Nvidia gbé jáde ní 2021 ní mẹ́mórì 12 GB, ó sì lè kó dátà 360 GB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iris Xe ti Intel, nínú láptọ́ọ̀pù tó ní RAM DDR4-3200 méjì, kò lè kọjá nǹkan bíi 51 GB. Bó bá jẹ́ RAM ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìdajì iye yẹn ló kù. Ìdí nìyí tí géèmù fi máa ń yá sí i bí wọ́n bá ki RAM kejì bọ̀ ọ́.

Ní ti iná, 3060 nìkan lè fa wáàtì 170. Wáàtì 12 sí 28 péré ni CPU Core i7-1165G7 àti Iris Xe inú rẹ̀ jọ ń pín, bátìrì sì lè gbé ìyẹn. Fún fíìmù wíwò àti ìwé títẹ̀, ó tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù.