Kí Olùkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì Má Ṣe Dẹ́kun Ẹ̀kọ́

A yin Ọlọ́run lógo tí ó mú ilé-ẹ̀kọ́ wa dé ọdún àyájọ́ yìí. Ní irú àkókò báyìí, ilé ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sábà máa ń fi tọrẹ: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹnu ọ̀nà tuntun, kànga. Ẹ̀bùn rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ń kọ́ ọmọ nínú ilé náà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀kọ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbọdọ̀ parí ní ọjọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ kíkọ́ olùkọ́ ti pẹ́ láàrin wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ CMS fi ìdí St. Andrew's College múlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, olùkọ́ àti katikíìsì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Lónìí, ìwé-ẹ̀rí NCE ni ìjọba fi ṣe òṣùwọ̀n tí ó kéré jù lọ fún olùkọ́, àjọ TRCN tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ sì ni ó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí ń jẹ́rìí pé ènìyàn yẹ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí yóò bá pàdé ní kíláàsì tún kù.

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìtàn pẹ̀lú. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ọ dáadáa yóò pàdánù gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àṣìṣe àwọn ọmọ wa kò ti inú àìmòye wá. Èdè abínibí wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní, kò sì fi gígùn àti kúkúrú ya ìró wọn sọ́tọ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí 'ship' àti 'sheep' fi ń jọra lẹ́nu ọmọ. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, nítorí náà ni 'bread' ṣe di búrẹ́dì. 'Ó' kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹranko, kò sì yani lẹ́nu bí ọmọ bá pe ìyá rẹ̀ ní 'he'. Àwa a máa gbọ́ òórùn. Ọmọ náà a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 'I hear the smell'.

Olùkọ́ tí kò mọ orírun àṣìṣe wọ̀nyí yóò kàn fi báírò pupa fa ìlà sí i. Èyí tí ó mọ̀ ọ́n yóò gbé èdè méjèèjì kalẹ̀ níwájú ọmọ, yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn án. Àpẹẹrẹ wà nítòsí wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí a dìídì yàn fún Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ wọn ní èdè náà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Báwo wá ni olùkọ́ ṣe lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ sí i? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan nínú gbọ̀ngàn, tí olúkúlùkù yóò jẹun tán tí yóò sì lọ sílé, kò tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa jókòó pọ̀ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kí wọ́n mú ìwé àwọn ọmọ wá, kí wọ́n yan àṣìṣe kan ṣoṣo, kí wọ́n wá orírun rẹ̀, kí wọ́n sì pinnu bí wọn yóò ti kọ́ ọ. Kí ọ̀kan wọ kíláàsì èkejì láti wò ó pẹ̀lú ìfẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tún yẹ ìwé wò bóyá àṣìṣe náà ti dínkù. Nítorí pé WAEC ń dán ìpè ọ̀rọ̀ wò pẹ̀lú, kí wọ́n máa gba ohùn ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì fi wé ti ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa.

Èyí yé àwa àlùfáà. Ẹni tí ó bá ń wàásù pẹ̀lú ìwé tí ó kọ ní sẹ́mínárì láìka òmíràn kún un, ìjọ yóò mọ̀. Àwa tí a sì jókòó ti èdè Gíríkì níbẹ̀ mọ bí èdè àjèjì ti ń wúwo tó lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nínú owó tí a óò dá fún àyájọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé atúmọ̀-èdè tí ó fi ìpè hàn, fún ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn, àti fún owó ọkọ̀ àwọn olùkọ́ tí ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá wá sí ìpàdé, ẹ béèrè èsì ọmọ yín, kí ẹ sì béèrè bóyá olùkọ́ rẹ̀ rí ààyè láti kẹ́kọ̀ọ́ ní sáà náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́run tí ó fún wa ní olùkọ́ rere nígbà tiwa ràn wá lọ́wọ́ láti gbé ọwọ́ àwọn olùkọ́ tòní ró. Àmín.