Gbígbin Ewé Mọ́ínmọ́ín láti Inú Kóró Lábẹ́ Ìbòòji

Bí igi àti ògiri bá ṣíji bo àgbàlá ní Gowon Estate, Alimosho, ewé mọ́ínmọ́ín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thaumatococcus daniellii, ni a dábàá. Ọmọ igbó ilẹ̀ wa ni. Ìbòòji ló fẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ ewé rẹ̀, wọn kò mọ òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, nítorí nítòsí ilẹ̀ ló ti ń yọ. Èso rẹ̀ pupa, ó ní igun mẹ́ta. Ohun rírọ̀ tó wà lára kóró dúdú inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ fíìfíì. Daniell kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855. Kí a bọ́ ọ kúrò, kí a fi iyanrìn ha èèpo líle kóró náà díẹ̀, kí a sì gbìn ín sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá tó tutù. Ó lè pẹ́ kó tó hù. Gbòǹgbò yá jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wú gbòǹgbò nínú igbó ti dín igbó kù.