Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Olè Ń Tọrọ

Láti ìgbà tí owó wa ti kúrò nínú igbá àti ìdí ìró, tí ó bọ́ sínú fóònù, ni olè náà ti tẹ̀ lé e débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àti àwọn olówó ńlá ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yahoo. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń ta àgbọn, ẹni tó ń ta ẹja yíyan, ẹni tó ń kó gààrí, gbogbo wa la ní ohun tí wọ́n ń wá. Ní oṣù yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣe sí i nínú ilé rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Orí WhatsApp ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ la pọ̀ sí jù. Ibẹ̀ la ti ń kéde ìpàdé, ibẹ̀ la ti ń fi rìsíìtì owó oṣù han akápò, ibẹ̀ náà la sì ti ń bára wa ṣọ̀fọ̀ tí a ń bára wa yọ̀.

Ká ní ìyá kan wà ní Àjárá tí ó ń ta àgbọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, nígbà tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wọlé lórí WhatsApp láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ dáadáa: "Ẹ kú àárọ̀ Mà. A fẹ́ fi orúkọ yín kún ìpàdé àwọn ìyá ìjọ tí a máa ṣe lórí fóònù. Nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sọ́dọ̀ yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá mi kà á." Kò pẹ́ lóòótọ́ tí nọ́ńbà náà fi wọlé. Ìyá wo orúkọ ẹni tó kọ̀wé, ó rí i pé ojúlùmọ̀ òun ni, ó kà á fún un. Kí ó tó gbé apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ gbé òmíràn, WhatsApp rẹ̀ ti kúrò lórí fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ àwọn ẹbí àti àwọn oníbàárà rẹ̀, bí ẹni pé òun ló ń kọ ọ́: "Ẹ dákun, ẹ yá mi ní náírà 50,000, bánkì ń yọ mí lẹ́nu ni, n óò dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú." Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìyá náà ńkọ́? Òun gan-an kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ti gba tirẹ̀ ṣáájú ni. Bí iná ọyẹ́ ṣe ń ti oko kan dé ìkejì ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ràn.

Ẹ ó bi wá pé kí ló wà nínú nọ́ńbà mẹ́fà tí ó fi lágbára tó bẹ́ẹ̀. WhatsApp kò mọ ojú wa, kò sì mọ ìdílé wa. Nọ́ńbà fóònù wa ló mọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí WhatsApp sórí fóònù tuntun, yóò tẹ nọ́ńbà fóònù sí i, ilé iṣẹ́ náà yóò sì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí síìmù náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tó ni síìmù ló ń ṣí i lóòótọ́. Olè ti tẹ nọ́ńbà ìyá náà sórí fóònù tirẹ̀ tán kí ó tó kọ̀wé sí i. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù. Kò já ilẹ̀kùn, kò dá ògiri lu, ó kàn tọrọ kọ́kọ́rọ́ ni, onílé sì nawọ́ rẹ̀ sí i.

Irú kọ́kọ́rọ́ kan náà ni èyí tí bánkì ń pè ní OTP. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún òun, ì báà pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá bánkì, ì báà ní Central Bank ló rán òun níṣẹ́, olè ni. Nọ́ńbà àkáǹtì yín tí ó jẹ́ mẹ́wàá, ẹ fún oníbàárà kí ó fi sanwó, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n PIN, OTP, nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì ATM, kò sí òṣìṣẹ́ bánkì tó ní í fi ṣe. BVN tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2014 náà, ẹ má máa kà á fún ẹni tó bá pè yín lórí fóònù.

Àbò tí ó wà fún WhatsApp kò le. Ẹ ṣí i, ẹ lọ sí "Settings", ẹ tẹ "Account", ẹ ó rí "Two-step verification" níbẹ̀. Ẹ tan án, kí ẹ sì yan nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn tí ó jẹ́ tiyín nìkan. Láti ìgbà náà lọ, bí olè bá tilẹ̀ rí nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ yín, èyí kejì yóò dá a dúró. Kí ó má jẹ́ 123456 o, kí ó má sì jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ yín tí gbogbo àdúgbò jọ jẹ ìrẹsì rẹ̀. Wọn yóò ní kí ẹ fi e-mail sí i pẹ̀lú. Ẹ fi sí i, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ ra síìmù tuntun, wọ́n a fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún olè láti máa fi jẹun. Èyí kò dára. Ẹ tún WhatsApp ṣí lórí fóònù yín pẹ̀lú nọ́ńbà yín kan náà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni olè yóò bọ́ síta. Bí òun bá ti fi nọ́ńbà kejì tirẹ̀ tì í, ó lè gba ọjọ́ méje kí ẹ tó ríbi wọlé, ṣùgbọ́n òun náà kò sí nínú ilé mọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ máa pe àwọn ènìyàn yín, kí ẹ sì bẹ ẹlòmíràn kí ó kéde rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ẹ tún máa yẹ "Linked devices" wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣí WhatsApp sórí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n lè bá yín tẹ ìwé jáde. Ẹ lè ti dé ilé kí ẹ má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ṣì wà ní gbangba lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá. Ohun tí ó ń gbé wa ró náà ni olè fi ń mú wa, ìyẹn ni pé bí ẹnì kan nínú wa bá sọ pé òun nílò ìrànlọ́wọ́, a kì í bi í léèrè púpọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe òfin láàárín ara wa: a kò gbọ́dọ̀ fi owó ránṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí a kà lórí WhatsApp nìkan. Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pe onítọ̀hún, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ kò tó, nítorí pé ẹ̀rọ ti wà báyìí tí ó ń sín ohùn ènìyàn jẹ. Àwọn kan yóò sọ pé ìwà àfojúdi ni kí a máa pe àgbàlagbà láti wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lójú tiwa, àgbà tó bá nílò owó lóòótọ́ kò ní bínú pé ọmọ rẹ̀ pe òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti nọ́ńbà àkáǹtì tuntun. Bí ẹni tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ̀wé lójijì pé òun ti pààrọ̀ bánkì, ẹ pè é. Ọgbọ́n yìí ni àwọn ọ̀gá nínú wọn fi ń kó owó tabua. Ramon Abbas tí gbogbo ayé ń pè ní Hushpuppi, tí wọ́n mú ní Dubai ní oṣù June 2020, tí ilé ẹjọ́ ní Los Angeles sì rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta ní November 2022, wà lára àwọn tó jẹ irú owó bẹ́ẹ̀. Ní 2019, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní New York gba ìwé e-mail tí ó jọ ti bánkì gidi, ó sì fi owó tó ju dọ́là 900,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí àwọn olè kọ sínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn amòfin rèé o, ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin òǹtajà, ti àláàtì ńkọ́? Àláàtì kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti bánkì, kí ó sì fi orúkọ bánkì sórí rẹ̀. Kí ọjà tó kúrò ní sọ́ọ̀bù, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì fúnra yín, yálà nípa kóòdù bánkì tàbí áàpù. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí lọ́nà Sẹ̀mẹ̀ tí fóònù ti ń mú ti Benin mọ́ tiwa, ẹ fún oníbàárà ní àga. Ẹni tó sanwó yóò jókòó. Èyí tí kò sanwó ni yóò máa pariwo pé mọ́tò ń dúró de òun.

A kò gbọdọ̀ fo ti síìmù. Bí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín ní Mile 2, ohun tí olè máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò yọ síìmù, yóò fi sínú fóònù mìíràn, yóò sì tẹ kóòdù bánkì. Títì tí ẹ ti fóònù kò lè dá èyí dúró. Síìmù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tì pẹ̀lú PIN. Ẹ kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ tó ni síìmù ní PIN tí ó bá a wá, nítorí pé bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tì pa, ẹ ó sì máa wá nọ́ńbà PUK kiri. Bí fóònù bá sọnù, bánkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n dá àkáǹtì dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú NIN yín lọ gba síìmù padà.

Ó kan kọ̀ǹpútà, tí àwọn kan nínú wa fi ń kọ ìṣirò sọ́ọ̀bù tàbí tí àwọn ọmọ fi ń kàwé. Ẹ má fi fíláàṣì tó ti ilé ìtẹ̀wé dé bọ̀ ọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. "Windows Security" tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Áàpù tí wọ́n bá jí já, tí wọ́n ń tà ní náírà díẹ̀, ẹ má gbé e wọlé.

A mọ̀ pé àtúnṣe Windows máa ń jẹ dátà, àwọn kan sì ti pa á tì nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 12 May 2017. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè tó ju 150 lọ, ó ti gbogbo ìwé inú wọn pa, ó sì ní kí olúkúlùkù san dọ́là 300 kí òun tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ní England dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé oògùn rẹ̀ jáde láti March ọdún náà. Àwọn tí kò lò ó ló kó sí i jù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo Windows 10, ẹ mọ̀ pé ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀ parí ní 14 October 2025, nítorí náà ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n bóyá kọ̀ǹpútà yín lè gba Windows 11. Ìṣirò tí ẹ kò bá fẹ́ kí ó sọnù, ẹ dà á kọ sórí fíláàṣì mìíràn, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì gbé e sí ilé. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà yóò bá kọ̀ǹpútà lọ.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀ dání. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yóò fi ibi tí "Two-step verification" wà hàn yín, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́fà náà. Ọmọ tó ń ràn yín lọ́wọ́ yóò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.