Gìgísẹ̀ ọ̀tún Liu Xiang tó pa gbogbo Ṣáínà lẹ́kún

Pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ń pè ní Ìtẹ́ Ẹyẹ nílùú Beijing kún dẹ́múdẹ́mú lọ́jọ́ 18, oṣù Kẹjọ, ọdún 2008. Ìpele àkọ́kọ́ lásán ni eré tí wọ́n fẹ́ sá, kò sí àmì ẹ̀yẹ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ èrò pọ̀ bí eṣú. Liu Xiang ni wọ́n wá wò.

Ìlú Shanghai ni wọ́n ti bí ọmọkùnrin yìí lọ́dún 1983. Eré ìfogi niṣẹ́ ẹ̀: 110 mítà, igi mẹ́wàá tí wọ́n to sójú ọ̀nà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju mítà kan lọ, kéèyàn sì máa fò wọ́n lórí eré láì dẹsẹ̀ dúró. Ní Athens lọ́dún 2004, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.91, ó gba wúrà Òlíńpíìkì, èyí tí ọkùnrin kankan láti Ṣáínà kò gbà rí nínú eré orí pápá. Lọ́dún 2006, ó tún sá a ní 12.88 nílùú Lausanne, kò sì sẹ́ni tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ láyé nígbà náà. Nígbà tí Òlíńpíìkì wá dé ilé wọn, àwòrán ẹ̀ ló wà lára pátákó ìpolówó káàkiri ìgboro.

Àmọ́ bó ṣe yọ sí pápá lọ́jọ́ náà ni àwọn tó mọ eré ti rí i pé nǹkan ò fara rọ. Ó ń kanra mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń fojú ro. Wọ́n ní kí wọ́n máa sáré, ẹnì kan ṣáájú ìbọn, wọ́n ní kí gbogbo wọn padà. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ tí Liu gbé yẹn ló tó o. Ó kẹ̀yìn sí pápá, ó bọ́ sínú ihò tí wọ́n ń gbà wọlé, ó lọ. Gbogbo èrò dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tí olùkọ́ ẹ̀, Sun Haiping, jókòó síwájú àwọn oníròyìn láti ṣàlàyé, ẹkún ni bàbá náà ń sun.

Àwọn kan bú Liu, wọ́n ní ojo ni, ó sá lójú ogun. Àwọn mìíràn káàánú ẹ̀. Xi Jinping, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Ṣáínà nígbà náà, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó lọ sinmi, kó tọ́jú ara ẹ̀.

Iṣan tó dá a dúró yìí, kò sẹ́ni tí kò ní in. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yín, ẹ óò kan ohun kan tó le bí okùn, tó gùn lọ sókè títí dé ibi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti bẹ̀rẹ̀. Òun la fi ń gun òkè, òun la fi ń sáré, òun náà la fi ń nàgà bá a bá fẹ́ já ọsàn lórí igi. Ó lágbára púpọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré sí èyí tó ń dé inú ẹran ara, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè san tó bá ti ṣèṣe. Ẹni tó bá ń fipá rìn ín, bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣe máa ń ṣe bí iṣẹ́ oko bá ká wọn mọ́, ńṣe ló ń dá kún un.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, Liu lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yọ àwọn nǹkan líle bí egungun tó ti hù síbi iṣan náà. Ìtọ́jú tó máa ń tẹ̀ lé irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ gan-an niṣẹ́. Ọ̀pá ìtilẹ̀ lèèyàn yóò kọ́kọ́ fi rìn, kó tó máa tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, wọ́n lè ní kó fi iwájú ẹsẹ̀ nìkan dúró sétí àtẹ̀gùn, kó máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó tún gbé e sókè, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jọ eré ọmọdé. Àmọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Odindi oṣù mẹ́tàlá kọjá lẹ́yìn Beijing kó tó tún dìde sáré. Ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009 ni, ní Shanghai níbi tí wọ́n ti bí i. Ìṣẹ́jú àáyá 13.15 ló fi sá a, àkókò kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú Terrence Trammell ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fún ní ipò kìíní. Lọ́dún 2010, ó gba wúrà ìdíje ilẹ̀ Éṣíà ní Guangzhou. Kò tán síbẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé ìṣísẹ̀ mẹ́jọ kó tó dé igi àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó yí i padà sí méje, ká sọ pé ó tún eré kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ní Daegu lọ́dún 2011, ọwọ́ Dayron Robles ará Cuba kàn án lórí eré, wọ́n yọ Robles kúrò, Liu sì gba fàdákà.

Àwọn èèyàn ti ń sọ pé ó ti padà bọ̀ sípò. Ni Òlíńpíìkì London bá dé. Lọ́jọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 2012, igi àkọ́kọ́ pàá ló kọlù, ó ṣubú. Iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà ló já. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ máa ń sọ pé ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbá àwọn nípàá látẹ̀yìn. Liu dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó yà síbi igi tó kẹ́yìn, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì tọ dé òpin. Àwọn tí wọ́n jọ sáré ló wá gbé ọwọ́ ẹ̀ kọ́ èjìká.

Wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn fún un ní London, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú látilẹ̀. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ló fi gbìyànjú. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2015 ló kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ọkàn òun ṣì fẹ́, ẹsẹ̀ òun ló ń sọ pé rárá. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, Shanghai ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un, nínú pápá tó ti padà wá sáré lọ́dún 2009.